Bàbá àti Bàálù Tí Kò Ní Ẹ́ńjìnnì

                                        Ilé Alájà Méjì,
                                        Ẹ̀yìn Pápá Ìṣeré.
                                        Ọjọ́ Kẹjọ, Oṣù Kẹta.

Ẹ̀gbọ́n mi ọ̀wọ́n,

Ṣé iṣẹ́ ọkọ̀ ojú omi ń lọ déédéé? Ṣé ẹ ń gbúròó ìyàwó wa àtàwọn ọmọ? Ẹsẹ̀ tó ń dùn yín ńkọ́? Àwa náà ń mí, àmọ́ ara mi ò lélẹ̀ rárá. Mo ti dìde nídìí lẹ́tà yìí láìmọye ìgbà, mo ń lọ yọjú wo Bàbá ní yàrá.

Ẹ mọ̀ pé ọwọ́ wọn ti ń gbọ̀n látìgbà tí wọ́n ti fi iṣẹ́ àtúnṣe aago sílẹ̀, wọ́n sì fàáké kọ́rí pé àwọn ò ní rí dókítà. Bàálù ìṣeré onírímóòtù nìkan ló kù tó ń dùn mọ́ wọn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n gbé èyí tí apá rẹ̀ wà nísàlẹ̀ jáde lọ sí pápá, èyí tó ń sáré bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ìyẹn kì í foríji èèyàn. Ibi téèyàn bá yí i sí ló ń forí lé. Ọwọ́ Bàbá gbọ̀n, bàálù dorí kodò, ó fọ́ yángá lẹ́gbẹ̀ẹ́ obìnrin kan tó jókòó lórí bẹ́ńṣì. Obìnrin náà kàn ní, "Bàbá, ẹ rọra o." Ó dùn wọ́n ju èébú lọ. Wọn ò jẹun títí ilẹ̀ fi ṣú.

Mi ò lè máa wò wọ́n bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kejì, mo gbé èyí tí apá rẹ̀ wà lókè fún wọn. Bí ọwọ́ bá ṣì í darí, téèyàn bá ti fi rímóòtù sílẹ̀, ara rẹ̀ tó so rọ̀ sábẹ́ apá á fà á padà bọ̀ sípò. Bàbá darí ẹ̀ díẹ̀, wọ́n yínmú. "Èyí ń fò fúnra ẹ̀. Kí wá ni tèmi níbẹ̀?"

Bí mo ṣe ju èyí tí kò ní ẹ́ńjìnnì sókè nìyẹn. Ńṣe nìyẹn máa ń rọra sọ̀ kalẹ̀, àfi tó bá bọ́ sínú atẹ́gùn gbígbóná tó ń gòkè. Bàbá darí ẹ̀ lọ sórí ibi ìgbọ́kọ̀sí tí oòrùn ti yan ọ̀dà ilẹ̀ ibẹ̀. Ló bá ń pòòyì, ó ń gòkè, ó kéré bí eṣinṣin. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Tèmi ò rí nǹkan kan ṣọ́ mọ́. Mo ń sá sókè sódò.

"Bàbá, ẹ mú un wálẹ̀!"

"Dákẹ́. Atẹ́gùn ń bá mi sọ̀rọ̀."

Wọ́n rọra yọ ọ́ kúrò nínú ooru náà. Ó ń bọ̀, ó ń bọ̀, títí ó fi fikùn balẹ̀ lórí koríko nítòsí bàtà wọn. Ọwọ́ wọn ṣì ń gbọ̀n o, ṣùgbọ́n bàálù náà rọra débi pé kò tiẹ̀ mọ̀ ọ́n lára.

Lọ́nà ilé, láìwo ojú mi, wọ́n ní, "Mú mi lọ rí dókítà yẹn. Mo ṣì fẹ́ máa ṣe eléyìí."

Ọjọ́ Ajé là ń lọ. Mi ò mọ ohun tí dókítà máa sọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ pè wọ́n kó tó dọjọ́ náà. Ẹ má bi wọ́n nípa ọwọ́. Ẹ ní kí wọ́n ṣàlàyé atẹ́gùn fún yín.

Ẹ bá mi kí alásè inú ọkọ̀ yín, aláwàdà ọjọ́sí.

                                        Èmi ni àbúrò yín tó ń retí ohùn yín,
                                        Òkòtó.