Páìpù Íńṣì Mẹ́rin Tó Wà Lọ́dẹ̀dẹ̀ Mi

Èmi tí ìwé ìbí mi ní orúkọ mìíràn, ṣùgbọ́n tí gbogbo àdúgbò ti ń pè ní Bàbá Méjì-Tó láti nǹkan bí ọdún mọ́kàndínlógún sẹ́yìn, oníṣẹ́ páìpù tó ti fẹ̀yìn tì, ọkọ aránṣọ tó ti lọ, bàbá ọmọ méjì, ni mo ń sọ ohun tó wà nínú ìwé yìí. Orí mi pé. Ojú mi ò ríran dáadáa mọ́, orúnkún mi sì ti kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n agbẹjọ́rò ní òfin kò béèrè orúnkún. Kò sí ẹni tó fipá mú mi, kò sí ẹni tó fi ohun mímu tàn mí. Ìwé ìhágún mi nìyí, òun nìkan ni mo mọ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá gbé òmíràn jáde, kí ẹ bi í níbi tó ti rí i.

Kí n tó pín ohunkóhun, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mò ń wá. Agbẹjọ́rò ṣàlàyé fún mi pé ìwé yìí kò lè dúró láìní ẹlẹ́rìí méjì, pé àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ jókòó sínú yàrá kan náà pẹ̀lú mi, kí wọ́n sì máa wò mí bí mo ṣe ń fọwọ́ sí i. Ó tún ní ẹni tó bá máa gba ogún nínú ìwé kò gbọdọ̀ jẹ́rìí sí i. Káfíńtà tí èmi àti ẹ̀ jọ pín ògiri ni ẹlẹ́rìí àkọ́kọ́. Àyè ẹlẹ́rìí kejì, mo fi í sílẹ̀ fún àbúrò mi ọkùnrin, ọmọ ìyá mi, tí kò tíì wọ inú ilé yìí láti ọdún mọ́kàndínlógún. Nítorí náà, Àbúrò, bí wọ́n bá ń ka ìwé yìí sí ọ létí, tí o kò gbọ́ ìpín tìrẹ, má ṣe rò pé mo gbàgbé rẹ. Mi ò fún ọ ní nǹkan kan kí òfin lè jẹ́ kí o wá.

Èkínní. Ọmọ mi obìnrin, àkọ́bí mi, tó jẹ́ nọ́ọ̀sì, ni mo yàn láti mú ìwé yìí ṣẹ. Ó ní sùúrù jù mí lọ, ó sì mọ ibi tí gbogbo kọ́kọ́rọ́ wà.

Èkejì. Ilé oníyàrá mẹ́rin tí mò ń gbé, mo fi í fún àwọn ọmọ mi méjèèjì, kí wọ́n pín in dọ́gba. Yàrá ìránṣọ àti ẹ̀rọ inú rẹ̀ jẹ́ ti obìnrin, yàrá iwájú jẹ́ ti ọkùnrin. Ọmọ mi ọkùnrin ti sọ fún mi lẹ́ẹ̀mẹta pé adágún ẹ̀yìnkùlé ò wúlò mọ́, pé ẹ̀fọn ló ń bí, pé bí a bá da yẹ̀pẹ̀ sí i, mọ́tò òun á rí ibi jókòó. Mi ò bá a jà, torí kò parọ́. Omi tí kò ríbi gbà jáde, ẹ̀fọn ni yóò bí. Ohun tí mo fẹ́ ni kí ó fún mi ní ọdún kan. Bí ọdún kan bá pé lẹ́yìn tí mo bá kú, tí omi ibẹ̀ kò tíì máa jáde fúnra rẹ̀, kí ó da yẹ̀pẹ̀ rẹ̀ sí i, mi ò ní í bínú ní ibi tí mo bá wà.

Ẹ̀kẹta. Adágún náà fúnra rẹ̀. Gígùn rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ bàtà méjìlá, ìbú rẹ̀ mẹ́jọ, ó sì jìn dé ìgbáròkó mi. Ó bá ilé lọ, ọ̀rọ̀ rẹ̀ ni mo fẹ́ kí gbogbo yín mọ̀.

Aránṣọ, ìyàwó mi, ló béèrè fún un. Ó ní ogún ọdún ni òun ti fi ń wo ojú abẹ́rẹ́ láti àárọ̀ dé ìrọ̀lẹ́, ojú òun ń fẹ́ ohun tó ń mì tí kì í ṣe aṣọ. Èmi àti àbúrò mi la gbẹ́ ẹ, ọ̀sẹ̀ méjì gbáko. Iṣẹ́ kan náà la jọ ń ṣe nígbà náà. Bí mo bá wà lábẹ́ báàsì ìfọwọ́, kí n tó la ẹnu, ó ti na sípánà tí mo fẹ́ sí mi.

Lọ́jọ́ tí a máa da kọnkéré sí ìsàlẹ̀, a dé ibi páìpù tí yóò máa gbé ìdọ̀tí jáde lọ sí gọ́tà. Páìpù íńṣì méjì kan ṣẹ́kù lọ́wọ́ mi láti ibi iṣẹ́ ilé ìdáná kan. Mo ní méjì tó. Àbúrò ní rárá, mẹ́rin ni. Ó kó agolo méjì wá, gíga wọn dọ́gba, ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀kan fẹ̀ ní ìlọ́po méjì èkejì. Ó fi kékeré bu yẹ̀pẹ̀ sínú ńlá, ó kà á sí mi létí: ìgbà mẹ́rin ló bù ú kí ó tó kún. Ó ní bí ẹnu bá fẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, inú á gbà lẹ́ẹ̀mẹrin, bẹ́ẹ̀ náà ni páìpù.

Èmi náà ní ọ̀rọ̀ tèmi. Ní ilé ìdáná, bí páìpù bá fẹ̀ jù, omi á máa rìn gbẹ̀rẹ́, ọ̀rá á sì jókòó sínú rẹ̀. Bí ó bá tẹ́ẹ́rẹ́, omi á sáré, á sì gbá ìdọ̀tí lọ. Òótọ́ ni, ọgbọ̀n ọdún ni mo fi jẹun lórí òótọ́ yẹn. Ohun tí mi ò rò ni pé adágún kì í ṣe ilé ìdáná. Ewé ń já sí i, ẹja ń yàgbẹ́ sí i, pẹ́pẹ́yẹ ń bọ́ ìyẹ́ sí i. Mo ro bí omi ṣe máa sáré, mi ò ro ohun tí omi máa gbé.

Àbúrò ní kí n dúró dọ̀la kí òun lọ ra mẹ́rin wá. Ṣùgbọ́n a ti po kọnkéré sílẹ̀, àwọn aládùúgbò sì ti ń yọjú lórí ògiri. Mo wò ó lójú gbogbo wọn, mo ní bí ọmọdé bá láṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Ẹni ọdún mẹ́rìnlélógójì tó ti bímọ ni mo ń pè ní ọmọdé. Ó rọra gbé ṣọ́bìrì ti ògiri, ó fọ ọwọ́, ó kí aránṣọ pé ó dàbọ̀, ó lọ. Ẹyin lohùn. Mo mọ̀ pé tèmi ti fọ́ kí ó tó dé ẹnu géètì, ṣùgbọ́n mo yí padà, mo ń da kọnkéré.

Oṣù méjì ni ihò náà fi ṣiṣẹ́. Nígbà tí òjò ńlá àkọ́kọ́ dé, ewé ti dí i, adágún kún, omi wọ yàrá ìránṣọ, ó sì rẹ aṣọ oníbàárà mẹ́ta. Aránṣọ kò pariwo. Ó sá aṣọ náà sórí okùn, ó wò mí láti òkè délẹ̀, ó kí mi ní Bàbá Méjì-Tó. Káfíńtà gbọ́ ọ láti orí ògiri. Kí ọ̀sẹ̀ tó parí, àwọn ọmọ ilé ìwé ti ń fi orúkọ náà kí mi lójú pópó.

Ẹ̀kẹrin. Páìpù íńṣì mẹ́rin tó dúró ti ògiri ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo fi í fún adágún. Agbẹjọ́rò ní adágún kò lè jogún. Kí ó kọ ọ́ sí orúkọ ọmọ mi obìnrin nígbà náà, kí òun sì fi í fún adágún.

Ọdún kẹta tí a gbẹ́ adágún ni mo ra páìpù náà. Mo rù ú wọlé, mo sọ fún aránṣọ pé ti oníbàárà ni. Ó mọ̀ pé irọ́ ni. Kò sí oníbàárà tó ń gbàgbé páìpù sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ẹni fún ọdún mẹ́wàá. Nígbà tó yá, ó ń fi téèpù ìwọnṣọ rẹ̀ kọ́ sórí páìpù náà, kò sì bi mí léèrè mọ́.

Mo máa ń sọ fún àwọn èèyàn pé ẹ̀yìn tó ń dùn mí ni kò jẹ́ kí n rì í. Ìyẹn kì í ṣe òótọ́. Ẹni méjì ni yóò fọ́ kọnkéré yẹn tí páìpù á fi tẹ́ bó ṣe yẹ, ẹnìkejì tí mo mọ̀ kò sì sí nílé mi mọ́. Mi ò lè lọ pè é láìsọ pé mo ṣìṣe. Ìdí kan nìyẹn. Èkejì ni pé, nítorí ihò tó dí, gbogbo àárọ̀ Sátidé ni èmi àti aránṣọ ń fi bókẹ́ẹ̀tì gbọ́n omi, láti aago méje títí di aago mẹ́wàá. Láàárín ọ̀sẹ̀, èmi á wà lábẹ́ báàsì ẹlòmíràn, òun á wà nídìí ẹ̀rọ, a ó kàn pàdé nídìí oúnjẹ, a ó sì sùn. Ṣùgbọ́n ní Sátidé, á ká yẹ̀rì rẹ̀ mọ́ orúnkún, á wọ inú ẹrẹ̀, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀. Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ pé olùkọ́ ló fẹ́ jẹ́ nígbà tó wà ní kékeré. Ibẹ̀ ló ti kọ́ mi ní orin tí ìyá rẹ̀ fi ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ó ń bà mí lẹ́rù pé bí omi bá bẹ̀rẹ̀ sí í jáde fúnra rẹ̀, Sátidé á dà bí ọjọ́ yòókù. Mo wá fi ìfẹ́ bo ìgbéraga mọ́lẹ̀, mo ń pe méjèèjì ní ẹ̀yìn dídùn.

Nígbà tí àìsàn dá a dùbúlẹ̀, ó ní kí n lọ pe Àbúrò, kí a jọ rì páìpù yẹn kí òun máa wò wá láti ojú fèrèsé. Mo ní màá lọ. Mi ò lọ. Àbúrò wá síbi ìsìnkú, ó dúró sẹ́yìn pátápátá, ó sì ti lọ kí n tó rí àyè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó ti di ọdún mẹ́fà báyìí. Àárò aránṣọ ń sọ mí lójoojúmọ́, ti Sátidé ló le jù.

Ẹ̀karùn-ún. Gbogbo irinṣẹ́ mi, àwọn sípánà, ayùn irin, àpótí wọn àti igi ìwọ̀n, mo fi wọ́n fún ọmọbìnrin àbúrò mi, tó ń ṣe iṣẹ́ páìpù bíi tiwa. Mo ti bi agbẹjọ́rò, ó ní ìyẹn kò di bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ láti jẹ́rìí. Mo rí ọmọ náà lẹ́ẹ̀kan ní ìsọ̀ àwọn tó ń ta páìpù, kò rí mi. Oníbàárà kan ń bi í pé íńṣì mélòó ni kí òun rà. Kò dárúkọ íńṣì kankan. Ó kọ́kọ́ béèrè pé kí ni yóò máa gba inú rẹ̀ kọjá. Mo fara pamọ́ sẹ́yìn ọ̀wọ́ páìpù, mo nu ojú mi, mo sì gbàgbé ohun tí mo wá rà.

Ẹ̀kẹfà. Àkàbà tó wà lẹ́yìn ilé kì í ṣe tèmi, ti káfíńtà ni. Ọdún kọkànlá rèé tí mo ti yá a. Kí ẹ dá a padà fún un. Kì í ṣe ogún, nítorí náà ó ṣì lè jẹ́rìí, kò sì gbọdọ̀ fi dídá padà rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ létí sàárè mi.

Èkeje. Àwọn ẹja tó bá ṣẹ́kù, kí ọmọ mi ọkùnrin máa bọ́ wọn, pẹ̀lú pẹ́pẹ́yẹ. Pẹ́pẹ́yẹ náà kò fẹ́ràn mi. Aránṣọ ló ń bọ́ ọ látọwọ́. Lẹ́yìn tó lọ, ọjọ́ mẹ́jọ ni ẹyẹ yẹn fi dúró lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìránṣọ. Bí kò bá ṣe ìtìjú, èmi náà ì bá dúró tì í.

Ẹ̀kẹjọ. Bókẹ́ẹ̀tì méjì wà létí adágún, dúdú ni tèmi, búlúù ni ti aránṣọ. Dúdú, ẹnikẹ́ni lè mú un. Búlúù, mi ò fi í fún ẹnikẹ́ni. Láti ìgbà tó ti lọ, kò tíì sí ọwọ́ tó kàn án. Ẹni tó bá wá bá mi gbọ́n omi nígbà tí mo ṣì wà láàyè lè yá a lò, yíyá kì í sì í ṣe ogún.

Ọjọ́rú tó kọjá ni mo fi ìwé pélébé kan rán ọmọ mi obìnrin sí àbúrò mi. Ohun tí mo kọ kò ju pé mo nílò ẹlẹ́rìí, Sátidé, aago mẹ́wàá. Mi ò fi ẹ̀bẹ̀ rán ọmọ níṣẹ́, torí ẹ̀bẹ̀ tèmi ni, ẹnu mi ló yẹ kó ti jáde. Kí agbẹjọ́rò kọ ọ́ síbí, èmi ni màá kà á: Àbúrò, íńṣì mẹ́rin ni. Mẹ́rin ni láti ọjọ́ náà. Mo ṣẹ̀ ọ́ lójú èèyàn, lójú èèyàn náà ni mo ti ń bẹ̀ ọ́. Bí aago méjìlá bá lù tí kò bá dé, kí akọ̀wé agbẹjọ́rò fọwọ́ sí àyè rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe dá a lẹ́bi.

Mo fọwọ́ sí i ní yàrá ìránṣọ, tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí adágún, ní ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta, ọdún kẹfà tí aránṣọ ti lọ.

Bàbá Méjì-Tó, oníṣẹ́ páìpù

Ẹlẹ́rìí kìíní: Káfíńtà, aládùúgbò rẹ̀. Mo ti rí àkàbà mi.

Ẹlẹ́rìí kejì: Àbúrò rẹ̀, oníṣẹ́ páìpù. Aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ ni mo dé. Lójú mi ni ẹ̀gbọ́n mi ṣe fọwọ́ sí ìwé yìí, orí wọn sì pé ju bó ṣe pé lọ́jọ́ tí a da kọnkéré lọ. Mo ti wọn páìpù ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta kúrú. Ọmọ mi ti lọ ra ìyókù. Kí ó tó dé, a ní omi láti gbọ́n, bókẹ́ẹ̀tì búlúù sì ti wà lọ́wọ́ mi.