Áyọ́ọ̀nù Tí Mo Fún Lóúnjẹ

Ọmọ mi ọ̀wọ́n, àkọ́bí mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le, ṣé orí ò fọ́ ẹ, ṣé o ń jẹun kó o tó jáde láàárọ̀? Àwa náà wà, a dúpẹ́, ìka ẹsẹ̀ bàbá ẹ tó wú ti fà, ewúrẹ́ ti bí méjì, mo sì fẹ́ kó o jókòó kó o tó ka lẹ́tà yìí torí inú mi ń dùn débi pé ńṣe ni mò ń sáré kọ ọ́, òun ló fà á tí ìkọ̀wé mi fi rí jákujàku. Ọlọ́run tó sọ ẹ́ di ọ̀gá níbi iṣẹ́ á jẹ́ kí àga náà gbà ẹ́ o, kò ní yẹ̀ mọ́ ẹ nídìí.

Kóòtù ẹ ti parí. Òun ló wà nínú páálí tí mo fi lẹ́tà yìí lé. Mo mọ̀ pé nígbà tí mo ní èmi ni màá rán èyí tó o máa wọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n máa fi ẹ́ jọ̀gá lójú gbogbo èèyàn, ẹ̀ẹ̀mejì lo bi mí lórí fóònù bóyá ọwọ́ mi ò dí kó o tó gbà. Mo mọ ohun tó wà lábẹ́ ìbéèrè yẹn. Ohun tó ń bà ẹ́ lẹ́rù ló ń ba èmi náà, pé kí wọ́n má lọ wò ẹ́ níbẹ̀ kí wọ́n ní ta ló rán àpò ìrẹsì fún ọ̀gá tuntun. Ọ̀gá Tépù, télọ̀ ìsàlẹ̀ àdúgbò wa tí kì í bọ́ tépù lọ́rùn àní tó bá ń wẹ̀, ló sọ fún mi pé abẹ́rẹ́ nìkan kọ́ ló ń sọ kóòtù di kóòtù, áyọ́ọ̀nù ni, pé tí mo bá fi áyọ́ọ̀nù eléèédú mi lọ̀ ọ́, eérú á kó sí i, á sì máa dán yinrinyinrin níbi tí kò yẹ. Ìdí tí mo fi ní kó o bá mi ra èyí oníná tó ń tú ooru omi nìyẹn.

Àwòrán mẹ́ta tó o fi ránṣẹ́ nígbà yẹn, ọjọ́ méjì la fi yẹ̀ ẹ́ wò. Ọ̀gá Tépù ní kí á mú èyí tó wúwo díẹ̀, tí ìdí ẹ̀ ń yọ̀, tí wáyà ẹ̀ gùn, tí èèyàn lè rí omi inú ẹ̀ láti ìta. Mo gbé fóònù lé òṣùwọ̀n kí n lè mọ èyí tó wúwo, àfi bí àwòrán mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣe wọn bákan náà. Bàbá ẹ ní kò sí wàhálà, ihò ìdí wọn ni kí á kà. Wọ́n wọ jígí, wọ́n kà á, ti àkọ́kọ́ jẹ́ mẹ́tàlélógún, ti ìkejì jẹ́ mọ́kànlélọ́gọ́ta, ti ìkẹta ò pé ogójì, wọ́n ní nígbà tí owó wọn bá dọ́gba, ẹni tó bá gba ihò díẹ̀ ni wọ́n rẹ́ jẹ. Bí a ṣe mú ìkejì nìyẹn, òun náà ló sì wúwo nígbà tó dé.

Ìwé kan wà nínú páálí ẹ̀ tó ní tí nǹkan bá ṣe é láàárín ọdún méjì, àwọn máa bá wa tún un ṣe, kí á ṣáà kọ ìdáhùn sí i. Wọ́n béèrè ibi tí a ti gbọ́ nípa wọn, mo ní ọ̀dọ̀ ọmọ wa ni, mo wá ròyìn ẹ láti ọjọ́ tí mo bí ẹ títí ìwé fi tán. Wọ́n tún béèrè pé báwo ni inú wa ṣe dùn tó, láti orí ení dé orí ẹ̀wá. Bàbá ẹ ní kò dáa kí á máa gé ìdùnnú sí wẹ́wẹ́, wọ́n fàmì sí gbogbo mẹ́wẹ̀ẹ̀wá.

Ọmọ mi, áyọ́ọ̀nù yìí dára! Omi òjò tí mo fi aṣọ sẹ́ ni mo ń rọ sí i, torí wọ́n ní omi kànga máa ń lẹ̀ mọ́ inú ẹ̀ bíi ti ìdí kẹ́tùlù. Tí mo bá ṣe tán, màá da omi tó kù nù, màá gbé e nàró kó tutù. Mo ti mọ̀ pé èèyàn kì í wọ́ ọ síwá sẹ́yìn lórí kóòtù, ńṣe lèèyàn á ta aṣọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ lé e, á gbé áyọ́ọ̀nù kà á, á jẹ́ kó mí, á gbé e kúrò. Tó bá ti mí fùúù báyìí, bàbá ẹ á ní pẹ̀lẹ́ o.

Ní Ọjọ́rú tó kọjá, ọgbọ́n wá pọ̀ jù fún mi. Mo wo kọ́là, mo ní ó yẹ kó le ju bẹ́ẹ̀ lọ. O ṣáà mọ̀ mí, kò sí aṣọ tó ń jáde nílé mi tí kò jẹ sítáàṣì, aṣọ ilé ìwé ẹ lè dá dúró láìsí ìwọ nínú ẹ̀. Mo wá rò ó pé kí ló dé tí mo fi ń po sítáàṣì sínú abọ́ lọ́tọ̀, tí mo tún ń lọṣọ lọ́tọ̀, nígbà tí áyọ́ọ̀nù yìí ní ikùn? Mo po èyí tó ki dáadáa, mo fi àrọ rọ ọ́ sí i nínú, mo ki wáyà ẹ̀ bọ iná.

Ó kọ́kọ́ dákẹ́. Ó húkọ́. Ó tún húkọ́. Nígbà tí mo tẹ bọ́tìnnì orí ẹ̀, ó bì. Ó bì sórí àyà kóòtù lápá òsì, ó bì sára ògiri, ó bì sórí fìlà bàbá ẹ. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, mo sunkún, n ò ní purọ́ fún ẹ, torí ọjọ́ ayẹyẹ ẹ ti kù sí dẹ̀dẹ̀, èyí tó sì ṣẹ́ kù nínú aṣọ náà ò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ọ̀gá Tépù dé, ó bi mí pé ta ló ń fún áyọ́ọ̀nù lóúnjẹ, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú.

Nígbà tí bàbá ẹ pè ẹ́ pé inú áyọ́ọ̀nù ti dí, ìwọ lo fi ọkùnrin inú fóònù yẹn ránṣẹ́, èyí tó ń kọ́ni bí wọ́n ṣe ń fọ inú áyọ́ọ̀nù. Mo kí i, kò dáhùn, mo rí i pé ọwọ́ ẹ̀ dí. Ó ní kí n po fínígà àti omi lọ́gbọọgba, kí n rọ ọ́ sí i, kó gbóná, kí n yọ wáyà, kí n fi í sílẹ̀ díẹ̀, kí n dà á nù, kí n fi omi mímọ́ ṣan án, kí n sì kọ́kọ́ dán an wò lórí àkísà. Ó yára jù fún mi, mo ní kó jọ̀ọ́ kó tún un ṣe, bàbá ẹ tẹ fóònù, ó sì tún un ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìgbà mọ́kànlá, ọmọ mi! Kò jágbe mọ́ mi, kò sinmi, kò mu omi. Nígbà tí áyọ́ọ̀nù padà ń mí geere, mo ní kó máa lọ sílé, ìyàwó ẹ̀ á ti máa retí ẹ̀. Tó o bá pàdé ẹ̀ nígboro, bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀.

Mo fi aṣọ tútù nu àyà kóòtù títí, ó ku àbààwọ́n kan tó tó èékánná. Nítorí náà, àpò kékeré tó o máa rí lápá òsì, má wá a nínú àwòrán kóòtù tí a jọ yàn, kò sí níbẹ̀. Ọ̀gá Tépù yí kóòtù náà sódì, ó wá àléébù, ó wá a títí, ó wá bi mí bóyá màá yá òun ní áyọ́ọ̀nù. Mo ní rárá.

Tí nǹkan bá wà lọ́wọ́ ẹ, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ kí n fi ra pátákó tí wọ́n fi ń lọṣọ, torí orí tábìlì ìjẹun ni mo ń lò, bàbá ẹ sì ń gbé abọ́ lé itan jẹun. Ṣùgbọ́n tó o bá ti ra kóòtù mìíràn pamọ́ ní ṣọ́ọ̀bù, má fi ojú àánú wọ tèmi o. Èyí tó bá fi ẹ́ lọ́kàn balẹ̀ ni kó o wọ̀. Ó wù mí kó jẹ́ tèmi, mi ò sì lè sọ pé kò wù mí. Ọlọ́run á jẹ́ kí ọ̀rọ̀ ẹ tà létí wọn, ojú ò ní tì ẹ́ láàárín wọn, ìwọ náà á bí ọmọ tí wàá máa rán aṣọ fún.

Èmi ni,
Ìyá ẹ.

Ó kù díẹ̀ kí n gbàgbé. Kí n tó di kóòtù náà sínú páálí, mo wọ̀ ọ́ wò. Mo jókòó sórí àga bàbá ẹ, mo gbé àyà síta, mo sì ní kí wọ́n lọ bu omi tútù wá fún mi. Gbogbo ọdún tí a ti fẹ́ra wa, n ò pa irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n wò mí. Wọ́n dìde. Wọ́n lọ bù ú. Ọmọ mi, kóòtù náà ń ṣiṣẹ́.