Ìyá Adájọ́ àti Ìyá Bàbá Mi

                                        Avenue 16, Rue 21,
                                        Treichville,
                                        Abidjan.
                                        Ọjọ́ kẹwàá, oṣù Kẹta, 2008.

Kúlísúmù, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́, ṣé Ògbómọ̀ṣọ́ ti mọ́ wọn lára, àbí wọ́n ṣì ń sunkún àtíékè, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ tí wọ́n ń jẹ níbí? Èmi ò lè sọ pé mo wà dáadáa. Bàbá mi ti kú. Jímọ̀ tó kọjá la sin wọ́n.

Ikú nìkan kọ́ ló ń pa mí lẹ́kún. O rántí Adájọ́ Háríwẹ́ẹ̀lì, òyìnbó tí Bàbá ń dáná fún n'Ìbàdàn láyé òyìnbó, tí a máa ń fi ìtàn rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́? Bàbá adájọ́ náà ń kan bàtà ẹṣin. Ìyá rẹ̀ fọṣọ fún àwọn olówó títí ó fi rán an níwèé. Adájọ́ ò jẹ́ kí àwọn òyìnbó ẹgbẹ́ rẹ̀ gbọ́. Bàbá nìkan ló sọ ọ́ fún. Hárìẹ́ẹ̀tì lorúkọ ìyá náà. Bàbá mọ̀ ọ́n torí Bàbá ló ń gbé lẹ́tà adájọ́ sí i lọ sí pósọ́fíìsì. Nígbà tí ìròyìn ikú obìnrin náà dé, adájọ́ ò ráyè lọ sin ín. Òun àti Bàbá ni wọ́n jọ sunkún nílé ìdáná.

Kí wọ́n tó gbé Bàbá jáde, Alfa Hamidou bèèrè orúkọ ìyá wọn, torí òun ni wọ́n fi ń pe òkú nínú àdúrà létí sàréè. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n nínú wa. "Ìyá mi" ni Bàbá máa ń wí; ta ní ń pe ìyá rẹ̀ lórúkọ? Àwa náà ò sì bèèrè rí. Akim àbúrò mi bá fi Faransé bèèrè pé, "Harriet, non?" Orúkọ ìyá adájọ́ ló kàn bọ́ sí i lẹ́nu, kò gbọ́ orúkọ ìyá mìíràn rí lẹ́nu Bàbá. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín.

Alfa ní kò burú, "ọmọ Hawa" ni òun yóò pè wọ́n, ìyá gbogbo ayé. Bí wọ́n ṣe sin bàbá mi nìyẹn, bí ẹni tí kò níyàá. Inú mi bàjẹ́, ojú sì ń tì mí. Àbámọ̀ ló sáà ń gbẹ̀yìn ọ̀rọ̀.

Jọ̀ọ́, dé agboolé wa ní Màsífà, bá mi bi àwọn arúgbó tó kù níbẹ̀ ní orúkọ ìyá Bàbá. Fi orúkọ náà rán Gàfárù tó gbé lẹ́tà yìí wá, kó lè dé kí a tó ṣe àdúrà ogójì ọjọ́.

Bá mi kí gbogbo ilé. Mo ti ń kọ orúkọ ìdílé wa sínú ìwé fún àwọn ọmọ mi. Mo fi àyè kan sílẹ̀ lófìfo; ìwọ ni mo ń retí.

Èmi ni,
Mọ́síùrá,
ọmọ-ọmọ ẹni tí n kò mọ orúkọ rẹ̀.