Ẹkún Ojú Kan

Ọjọ́ Ajé, 3 Sẹ́tẹ́ńbà 1956. Ìwàrò-Ọ̀kà
Ọ̀gá tún dé lọ́sàn-án. Orúkọ tí mo fún ẹ̀fọ́rí yìí nìyẹn — kì í pẹ́ dé ẹnu iṣẹ́. Ẹ̀yìn ojú ọ̀tún nìkan, bí ẹni ń ti irin gbígbóná bọ̀ ọ́. Ojú ń dami, imú ọ̀tún ń ṣàn. Mo ń wo tanwíjí nínú àmù Ìyá Memunat lọ́wọ́. Màmá náà rò pé ẹkún ni, ó ní, "Wolé-wolé, má sunkún mọ́, màá dà á nù."

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4. Ìkàrẹ́
Ayọyín ọjà ní eyín ni. Ó yọ ọ̀kan.

Ọjọ́rú, 5
Eyín kọ́.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 8. Ọ̀kà
Ilé Bàbá Fádáhùnsí, bàbá Mọ́júbọ́lá àfẹ́sọ́nà mi — a fẹ́ dájọ́ ìgbéyàwó. Wọ́n bu ẹmu fún mi. Kò ṣeé kọ̀. Kò pẹ́, Ọ̀gá dé. "Ẹ dùbúlẹ̀," ni Mọ́júbọ́lá ń wí. Ta ló lè dùbúlẹ̀? Mo ń sáré yí àgbàlá ká, mo ń forí gbá ògiri, níṣojú ẹbí. Bàbá wò mí títí. Wọ́n ní àwọn ò lè fọmọ fún wèrè. Wọn ò pariwo. Ìyẹn ló dùn mí jù.

Ọjọ́bọ̀, 13. Ìkàrẹ́
Ọsibítù. Mọ́júbọ́lá bá mi lọ. Bàbá rẹ̀ ò mọ̀. Ìbéèrè ni Dókítà fi ń yẹ̀ mí wò. Ṣé ẹ̀gbẹ́ kan náà ni? Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣé ó ní àkókò? Bí agogo ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣé ó ti ṣe mí rí, tó sì lọ fúnra rẹ̀? Lọ́dún tó kọjá. Ọtí ńkọ́? Mo wo Mọ́júbọ́lá. Ó ní, "Ẹ sọ fún wọn."

Dókítà ní túúlu, ẹ̀fọ́rí ẹlẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tí wọ́n mọ̀ jù, a máa mú ẹni wá òkùnkùn dùbúlẹ̀ sí. Tèmi kì í jẹ́ kéèyàn jókòó. Ibẹ̀ ni Ọ̀gá bá wa. Dókítà tan iná sí mi lójú, ó fi ìpéǹpéjú ọ̀tún tó ti wálẹ̀ han Mọ́júbọ́lá. Inú Dókítà dùn gan-an pé ó ṣojú òun. Ẹ̀fọ́rí tó ń wá lọ́wọ̀ọ́wọ́ ni, ó ní: ojoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kó tó lọ sinmi. Kì í ṣe wèrè. Ó gún mi lábẹ́rẹ́, ó ní kí n jáwọ́ nínú ọtí.
Ṣé ó máa padà? Ó máa padà.

Ọjọ́ Ajé, 24
Ọ̀gá ò wá.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 25
Kò wá.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 6 Òkútóbà. Ọ̀kà
Bàbá ránṣẹ́ pè mí. Mọ́júbọ́lá ti ròyìn ọ̀rọ̀ Dókítà fún wọn. Wọ́n bi mí bóyá ó ti lọ. Ì bá rọrùn kí n ní bẹ́ẹ̀ ni, kí n dákẹ́. Mo ní ó ti lọ, ṣùgbọ́n ó máa padà. Nígbà wo? Dókítà ò mọ̀. Ó lè tó ọdún kan.
Wọ́n wo ọmọ wọn. Òun náà wò wọ́n, kò gbójú sílẹ̀.
"Ẹ ṣe ìgbéyàwó náà lóṣù yìí," ni Bàbá wí. "Tí ẹ̀fọ́rí náà bá ń padà bọ̀, ilé ara yín ni kó ti wá bá yín."