Ẹ Gba Dísíkì Yẹn Lọ́wọ́ Wọn

Ẹ̀gbọ́n Mùtàlíbù,

Ẹ kú àjò o. Mo kí ìyàwó yín, mo kí àwọn ọmọ tó ń fi Faransé bú wa, mo sì kí ọ̀gá yín nílé oògùn. Ẹsẹ̀ Màmá ti ń san. Ìjì ṣí páànù yàrá yín, mo ti kàn án padà.

Ẹ mọ̀ pé fọ́ọ̀mù tú ni mo ti sá kúrò ní sùkúù, síbẹ̀ ní gbogbo Èjìgbò, ta ló tún ń kọ ètò sínú kọ̀ǹpútà bíi tèmi? Ètò ìṣirò tí mo kọ fún gáréèjì láti máa ka èrò Abidjan, òun náà ni mo gbé fún kílíníkì láti máa fi ṣírò oògùn aláìsàn. Òun náà ló wà nínú dísíkì tí mo fi rán dẹ́rẹ́bà sí yín fún ọ̀gá yín. Mo ní kò sí nọ́ńbà tí kò lè ṣe.

Irọ́ ni. Nínú kọ̀ǹpútà, odidi nọ́ńbà ní àyè tirẹ̀, ìdajì ní tirẹ̀. Àyè odidi nìkan ni mo ṣe, torí èrò kì í ní ìdajì. Èyí tó bá lé, ó ń gé e dànù.

Ibà mú ọmọ Bàrákátù àbúrò wa. Síbí oògùn kan àtààbọ̀ ló yẹ kó máa mu, kọ̀ǹpútà ní kan. Nọ́ọ̀sì ní, "Ádámù ló ṣe é, kò lè ṣì í." A sin ọmọ náà ní Jímọ̀ tó kọjá. Bàrákátù ò tíì mọ ohun tó fà á. Ẹnu mi tí kì í sinmi yìí kọ̀ láti sọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba dísíkì yẹn lọ́wọ́ ọ̀gá yín lónìí, kẹ́ ẹ sun ún níná. Kí Ọlọ́hun má jẹ́ kó ti kan ọmọ ẹnì kankan lọ́hùn-ún. Ẹ fèsì rán ẹni tó mú lẹ́tà yìí wá.

Àbúrò yín,
Ádámù