Ẹ́ńjíìnì Tí Ẹ Ní Mo Bà Jẹ́

Bàbá mi,

Mi ò ní kọ "ọ̀wọ́n" mọ́ ọn. Ìgbà tí ara mi bá rọ̀, bóyá n ó padà wá fi kún un. Lónìí, inú ń bí mi, bí inú bá sì ń bí ẹ̀yin náà níbi tí ẹ wà, a jẹ́ pé a jọ ń bínú nìyẹn.

Ẹ́ńjíìnì yín gbiná, ó sì dún lánàá. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ́ńjíìnì ọkọ̀ òfuurufú yín, onísílíńdà mẹ́sàn-án tó tò yípo, tó ti wà lábẹ́ páànù lẹ́yìn ilé ní Òkè-Ṣopẹ́n láti ìgbà tí mi ò tíì dáyé. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu mi, torí gbogbo ilé ló ti ń sọ káàkiri pé àdúrà yín ló ṣiṣẹ́. Àdúrà yín kọ́ o. Ọwọ́ mi méjèèjì ni, èékánná mi ṣì dúdú bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí.

Ṣé ẹ rántí ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án? Ọmọ ọdún méjìlá ni mí. Àràárọ̀, tí ẹ bá ti kírun Àsùbáà tán, ẹ ó lọ ṣí tapólì lórí rẹ̀, ẹ ó fi àkísà nù ún, ẹ ó gbé ife tíì yín lé orí bẹ́ńṣì, tíì náà á sì tutù kí ẹ tó rántí rẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ ó fi ọwọ́ òsì di abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ gígùn yẹn mú, ẹ ó máa yí i díẹ̀díẹ̀, ẹ ó máa kun orin kan lábẹ́ ètè. Ihò kan wà lára páànù. Èmi ni mo máa ń yọjú níbẹ̀. Mo mọ gbogbo ohun tí ẹ ń ṣe, mo sì nífẹ̀ẹ́ sí i débi pé bí mo bá ń gbálẹ̀, mo ń fi ọwọ́ ìgbálẹ̀ yí abẹ̀bẹ̀ tí kò sí níbẹ̀.

Lọ́jọ́ yẹn ẹ ti lọ kí ìrun ìrọ̀lẹ́. Mo wọlé, mo yí i bí mo ṣe ń rí yín. Sílíńdà kọ̀ọ̀kan á kọ́kọ́ takú mọ́ mi lọ́wọ́, lẹ́yìn náà á mí, á jẹ́ kí n kọjá. Mo ń kà á. Mẹ́jọ wúwo, ọ̀kan fúyẹ́. Mo tún un kà, bákan náà ló rí. Nígbà tí ẹ dé, mo sáré pàdé yín lẹ́nu ọ̀nà, ìdùnnú ń pa mí bí ọtí, mo ní Bàbá, ọ̀kan nínú wọn ò mí dáadáa o.

Ìgbátí lẹ fi dá mi lóhùn.

Ìgbátí yẹn ti jinná, ẹ má dààmú. Ohun tó tẹ̀lé e ni kò jinná. Ẹ sọ fún Bàbá Àgbà, ẹ̀gbọ́n yín. Ẹ sọ fún àwọn ọ̀rẹ́ yín ní mọ́ṣáláṣí. Gbogbo ẹni tó bá ti béèrè ọjọ́ tí ẹ́ńjíìnì yìí máa dún, ẹ ó ní ó kù díẹ̀ kó dún ni, ọmọbìnrin yín lọ fọwọ́ kàn án, ó bà á jẹ́. Báyìí ni Bàbá Àgbà ṣe sọ mí ní Ọwọ́-ò-sinmi. Orúkọ náà bá mi dé ilé kéú, ó bá mi dé ilé ìwé. Lọ́jọ́ nìkáà mi, Bàbá Àgbà ń fi ọ̀rọ̀ náà pa àwọn àna mi lẹ́rìn-ín, wọ́n ní kí wọ́n má jẹ́ kí n sún mọ́ jẹnẹrétọ̀ wọn. Gbogbo èèyàn ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin náà rẹ́rìn-ín, Bàbá. Mo wò yín dáadáa.

Mo kúrò nílé lọ kọ́ iṣẹ́ ẹ́ńjíìnì ọkọ̀ ojú omi ní Òde-Omi. Mo ti ní ṣọ́ọ̀bù tèmi létí ọ̀sà báyìí, àwọn apẹja á tu ọkọ̀ wọn wá bá mi láti ọ̀nà jíjìn, wọn kì í bi mí bóyá obìnrin ni mí. Ẹ ò fẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀ rí títí ẹ fi kú. Orúnkún yín ń dùn yín, ẹ ní. Orúnkún yẹn kan náà lẹ gbé lọ sí Èkó nígbàkigbà tí àwọn tí ẹ jọ ṣiṣẹ́ ní pápákọ̀ òfuurufú bá ń ṣe nǹkan. Kí ni mo ṣe fún yín gan-an?

Lẹ́yìn fídáù ogójì ọjọ́ yín, Bàbá Àgbà pe gbogbo wa jọ. Wọ́n ní kí a wó páànù yẹn, kí a fi ibẹ̀ kọ́ yàrá fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, kí àwọn onírin àlòkù wá fi òòlù fọ́ ẹ́ńjíìnì náà kó lọ. Olùkọ́ kan láti yunifásítì ní Àgọ́-Ìwòyè ti gbọ́ nípa rẹ̀. Ó wá wò ó, ó yí i ká lẹ́ẹ̀mẹta, ó ní bó bá lè dún, àwọn á gbé e lódindi fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àwọn. Bí kò bá lè dún, irin òkú ti pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn. Mo ní èmi á tún un ṣe. Bàbá Àgbà wò mí látòkè délẹ̀.

"Ọwọ́-ò-sinmi! Ẹ̀ẹ̀kan yẹn ò tó ẹ ni?"

Kí n má purọ́ fún yín, mi ò ṣe é nítorí yín. Mo fẹ́ tú u ni, kí n fojú mi rí ohun tí ọmọ ọdún méjìlá lè fi ọwọ́ lásán bà jẹ́ nínú irin tó tó màlúù Iléyá.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ṣe é. Ṣé ìtọ́jú lẹ pe èyí? Agbọ́n ti fi amọ̀ kọ́lé sínú gbogbo ihò tí èéfín ń gbà jáde. Mo yọ egungun aláǹgbá nínú ọ̀kan. Rọ́bà inú kabúrétọ̀ ti gan bíi pọ̀nmọ́ tí wọn ò tíì rẹ. Mo sá mágínẹ́tò méjèèjì, àwọn tó ń fún púlọ́ọ̀gì níná, sóòrùn, mo fọ ojú wọn, mo fi wáyà tuntun sí gbogbo púlọ́ọ̀gì. Nígbà tó kan yíyí, mo ṣe ohun tí ẹ máa ń kọ́ gbogbo ẹni tó bá yà sọ́dọ̀ yín, tí èmi náà gbọ́ láti ojú ihò páànù. Bí ẹ́ńjíìnì irú èyí bá ti jókòó pẹ́, ọ́ìlì á ṣàn lọ sínú àwọn sílíńdà ìsàlẹ̀. Kí èèyàn tó fi agbára yí i, àfi kó tú púlọ́ọ̀gì wọn, kó jẹ́ kí ọ́ìlì dà nù. Torí ọ́ìlì ò ṣeé fún pọ̀. Bí ẹ bá fipá mú un, irin ni yóò tẹ̀. Mo gbé abọ́ sábẹ́ rẹ̀, ọ́ìlì dúdú bí omi aró dà síbẹ̀ láti àárọ̀ títí dọ̀sán.

Mo dá púlọ́ọ̀gì padà, mo wá di abẹ̀bẹ̀ mú, mo yí i. Mẹ́jọ wúwo, ọ̀kan fúyẹ́.

Sílíńdà karùn-ún ni, ọ̀kan nínú àwọn tó wà nísàlẹ̀ pátápátá. Mo tú u. Kọ́nrọ́ọ̀dù rẹ̀, ọ̀pá tó ń gbé písítìnì lọ gbé e bọ̀, ti tẹ̀. Kò tẹ̀ púpọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ irin á rí i. Ọwọ́ ọmọdé ò lè tẹ̀ ẹ́ láéláé, ọwọ́ àgbà gan-an ò lè tẹ̀ ẹ́. Sítátà nìkan ló lè ṣe é, lórí ọ́ìlì tí wọn ò dà nù. Mo wá wo wáyà tí wọ́n fi so àwọn nọ́ọ̀tì ìdí sílíńdà kí wọ́n má baà tú. Ó lọ́ sódì. Ẹ̀yin nìkan ni mo mọ̀ tó ń lọ́ wáyà sódì, torí ọwọ́ òsì yín. Ẹ ti ṣí i rí, Bàbá. Ẹ rí i, ẹ sì tún un dè.

Mo mú sípánà lọ́wọ́ lọ bá Màmá ní kíṣìnì. Wọ́n ń rin ewùrà fún ìkókorẹ́. Mo ní ìgbà wo ni Bàbá tú sílíńdà ìsàlẹ̀. Wọn ò gbójú sókè. Wọ́n ní inú àwọn ni mo ṣì wà. Ọjọ́ Iléyá ni. Ẹran wà lórí iná, ẹ kó lèmọ́mù àti àwọn ọ̀rẹ́ yín wá sẹ́yìnkùlé pé kí wọ́n wá gbọ́ bí ọkọ̀ òfuurufú ṣe ń dún. Lèmọ́mù wà ní ìdúró, ojú ń kán yín, ẹ ò da ọ́ìlì nù. Ẹ tẹ sítátà. Ó dún gbì, ó sì kú. Ẹ sọ fún wọn pé bátìrì ló tán. Ọjọ́ kẹta ni ẹ tú u, Màmá ló bá yín gbé ìdí sílíńdà dání, ẹ sì fi Ọlọ́run bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má sọ ọ́ síta.

Ẹ kò tíì bí mi, mo ti jẹ̀bi.

Màmá ń sunkún. Mi ò bá wọn sunkún. Mo ní kí wọ́n máa rin ewùrà wọn.

Ta ni ì bá bú yín, Bàbá? Mẹkáníìkì wo ni kò tíì ba nǹkan jẹ́ rí? Èmi tí mò ń kọ̀wé yìí, mo ti ju ẹ́ńjíìnì oníbàárà sínú ọ̀sà rí, mo bẹ̀ ẹ́, ó bú mi, ó parí. Gbogbo òwúrọ̀ tí ẹ fi ń yí i yẹn, ṣé ẹ rò pé yóò wo ara rẹ̀ sàn ni? Àbí nígbà tí mo sọ pé ọ̀kan ò mí dáadáa, ẹ̀rù mi ló bà yín? Ẹ lè dá mi lóhùn. Kò sẹ́ni tó ń gbọ́ wa.

Ǹ bá fi í fún àwọn onírin àlòkù. Ṣùgbọ́n bí mo bá fi í sílẹ̀, èmi náà ni wọn ó tún ní mo pa á lẹ́ẹ̀kejì. Kò sí kọ́nrọ́ọ̀dù mìíràn níbì kankan tí mo mọ̀. Mo dá sílíńdà karùn-ún padà, mo yọ púlọ́ọ̀gì rẹ̀, mo fi páànù dí ibi tí epo ń gbà wọ inú rẹ̀. Ó kàn ń lọ ó ń bọ̀ láàárín àwọn mẹ́jọ ni, kò ṣiṣẹ́ kankan. Mo fi ṣọ́ọ̀kì fa àmì sí i lára. Mo fún ọ́ìlì tuntun sínú ẹ́ńjíìnì náà títí géèjì fi gbé ọwọ́.

Lánàá, olùkọ́ náà dé pẹ̀lú ẹnì kejì rẹ̀. Bàbá Àgbà jókòó lórí àga yín, Màmá dúró lẹ́bàá ògiri. Mo lé gbogbo wọn kúrò níwájú abẹ̀bẹ̀. Mo ní Bísímílà, mo tẹ sítátà. Ó wúkọ́, ó dákẹ́. Mo tún tẹ̀ ẹ́, ó yọ èéfín búlúù tó bo gbogbo àgbàlá, àwọn adìyẹ fò gun ògiri. Ẹ̀ẹ̀kẹta, ó gbiná! Ariwo yẹn, Bàbá! Fìlà Bàbá Àgbà fò lọ sílé kejì. Aṣọ tí aládùúgbò sá já sáàárín oko ègé. Mo jẹ́ kó dún títí ara rẹ̀ fi móoru, kí n tó pa á.

Olùkọ́ tọ́ka sí sílíńdà tí mo fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí, ó ní kí ló ṣe èyí. Mi ò tíì lanu tí Bàbá Àgbà fi gbà á lẹ́nu mi, ẹ̀rín ti ń pa wọ́n.

"Ẹ bi òun náà o! Ọmọ ọdún méjìlá ló wà tó ti..."

"Bàbá mi ni wọ́n tẹ̀ ẹ́," ni mo wí. "Lọ́jọ́ Iléyá, kí wọ́n tó bí mi. Wọn ò da ọ́ìlì nù. Wọ́n sì purọ́ mọ́ mi."

Gbogbo wọn kọjú sí Màmá. Màmá ní bẹ́ẹ̀ ni, bó ṣe rí nìyẹn.

Bàbá Àgbà dìde lórí àga. Wọ́n ní a kì í sọ̀rọ̀ òkú láìdáa. Mo ní òkú ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ alààyè láìdáa. Olùkọ́ ń wo ilẹ̀. Ó ní àwọn máa gbé e ní Ọjọ́bọ̀, àti ọ̀pá tó tẹ̀ náà, ẹ̀kọ́ wà nínú rẹ̀ fún àwọn ọmọ àwọn. Kí Bàbá Àgbà tó lọ, orúkọ mi gan-an ni wọ́n fi pè mí, wọ́n ní kí n bá àwọn wá fìlà àwọn. Mo wá a fún wọn.

Ọ̀rọ̀ yẹ kó tán síbẹ̀, àbí? Ohun tí mo ti ń wá láti ọjọ́ yìí ni mo rí gbà, lójú gbogbo ẹbí. Kí ló wá dé tí mo fi jókòó láti àárọ̀ tí mò ń bá yín jà lórí ìwé?

N ó sọ ọ́ fún yín. Nígbà tí ẹ́ńjíìnì yẹn gbiná, kí n tó wo géèjì, kí n tó rántí ẹ̀sùn tàbí irọ́ kankan, mo ti yíjú sẹ́yìn, mò ń wá ojú yín. Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ. Wálláhì, mo fẹ́ kí ẹ yìn mí. Èmi yìí, pẹ̀lú gbogbo ohun tí mo mọ̀. Èyí gan-an ni mi ò mọ bí n ó ṣe dárí rẹ̀ jì yín.

Kí Ọlọ́run kẹ́ yín. Mò ń bínú gidi, mo sì ń ṣàárò yín.

Èmi ni,
Ọmọ yín obìnrin, tí ẹ kọ́ níṣẹ́ láìmọ̀.