Bàbá, Ẹ Má Lọ Bẹ Ẹnikẹ́ni Nítorí Omi

Bàbá mi, ẹ kú ilé o. Ẹ kú ìfaradà. Mo kí Màámi, mo kí àwọn àbúrò mi. Mo kí Bàbá Kẹ́hìndé, àbúrò yín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ wọn ló mú mi kọ lẹ́tà yìí.

Wọ́n sọ fún mi lórí fóònù pé tí ọdún Àjíǹde bá dé, àwọn àgbà ẹbí yóò mú yín lọ bá ọ̀gá yín, kí ẹ lọ tọrọ àforíjì. Àforíjì kí ni? Ẹ̀yin ni ìjọba ní kí ẹ máa yẹ omi ìlú wò. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọn kò da oògùn tó ń pa kòkòrò sí i mọ́, pé àwọn ọmọdé ń ṣu, wọ́n ń bì. Ni wọ́n bá yọ yín nípò, wọ́n ní kí ẹ kó kúrò ní ilé ìjọba. Nígbà tí mo rò ó fún Ìyá Ṣadé tó ń ta oúnjẹ wa ní Barriera di Milano, àdúgbò kan ní Torino níbí, wọ́n ní ṣé ẹni tó figbe ta pé ejò wà nílé ni yóò tún lọ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ejò.

Bàbá, mo ti bẹ irú ẹ̀bẹ̀ yẹn rí, níbí. Ní ilé iṣẹ́ wa ní Collegno, ìlú kan lẹ́bàá Torino, àwọn òṣìṣẹ́ dìbò yàn mí pé kí n máa ṣọ́ ohun tó lè ṣe wá léṣe. Mo kọ̀wé pé wọ́n ti tú ìdérí ẹ̀rọ kan tó lè gé èèyàn lọ́wọ́. Capo, ọ̀gá tó wà lórí wa, sọ mí di agbálẹ̀. Òtútù ń mú, kùrukùru bo ọ̀nà, n kò sì ní ẹbí tí mo lè sunkún sí lọ́rùn. Ni èmi àti Ìyá Ṣadé bá ra wáìnì, a lọ kúnlẹ̀ bẹ̀ ẹ́ bí ẹ ṣe kọ́ wa. Ó gba wáìnì. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, ó ń sọ káàkiri pé mo ti jẹ́wọ́ pé irọ́ ni mo pa.

Carla, tó ń ṣojú wa nínú sindacato, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, bú mi bí ẹni ń bú ọmọ rẹ̀. Ó ní ta ló ń fi wáìnì ti òótọ́ lẹ́yìn? Ó ní òfin wà: ẹni tí wọ́n yàn láti ṣọ́nà, wọn kò gbọ́dọ̀ fìyà jẹ ẹ́ nítorí ohun tó rí. Lẹ́tà kan péré ló kọ, mo padà sẹ́nu iṣẹ́ mi, ìdérí náà sì padà sórí ẹ̀rọ.

N kò láyà tó yín, Bàbá. Òfin ló dúró lẹ́yìn mi. Lẹ́yìn tiyín, kò sí nǹkan kan. Ẹni tí ẹ ń yẹ iṣẹ́ rẹ̀ wò náà ló ń buwọ́ lu ìwé iṣẹ́ yín! Nílé ẹ̀kọ́ ìṣòwò tí mo lọ, ọdún àkọ́kọ́ la ti kọ́ pé ẹni tó ń ṣọ́ ọjà kò gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ ẹni tó ń kó o. Òfin tí yóò gba irú yín là ni a fẹ́, báyìí ni a sì fẹ́ ẹ, a ò fẹ́ gbọ́ pé ó di ọjọ́ mìíràn. Kó tó dé, ojú ọ̀pọ̀ èèyàn ni odi yín. Ìdí nìyí tí mo fi ní kí ìwé ìròyìn tẹ lẹ́tà yìí jáde. Ẹ ṣe ẹ̀dà ìwé tí ẹ kọ: ẹ fún lọ́yà ní kan, ẹ fún àlùfáà, ẹ fún alága ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́. Ilé tí ẹ ó kó sí, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún mi.

Tí Bàbá Kẹ́hìndé bá sì fi dandan lé e, ẹ tẹ̀ lé wọn. Ẹ má mú ọtí lọ, ẹ má mú obì lọ. Ẹ pọn omi ẹ̀rọ ìlú kún ife kan, kí ẹ gbé e síwájú ọ̀gá yín. Tí ọ̀gá bá mu ún tán, ẹ dọ̀bálẹ̀.

Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí òótọ́ tì yín lójú. Ẹ̀mí yín á gùn, ẹ ó jẹun ọmọ. Ẹ bá mi kí tẹrú tọmọ, kí ẹ sì sọ fún Màámi pé kí wọ́n máa se omi kí wọ́n tó mu ún.

Èmi ni ọmọ yín,
Bọ́lá, ní Torino.